Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Màmá Dín Oògùn Oorun Kù, Pẹ̀lú Apòògùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yín

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé rèé: ọmọ dé láti Èkó, ó rí páálí Lexotan tàbí Valium lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá, ó fi ìbínú kó o dànù. Lóru ọjọ́ kejì, Màmá ò sùn, ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, àyà ń já a. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti rán ọmọ-ọmọ sí kẹ́míìsì ìtòsí, oògùn ti padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ síta mọ́. Ilé mìíràn ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ kí àgbà sùn jàre, títí di òru tí Màmá máa ṣubú lọ́nà ilé ìtọ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ á ṣẹ́.

Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà tó ti lé ní ẹni ọdún 65, tí àgbàlagbà náà sì ti ń lo oògùn oorun lálaalẹ́ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. “Màmá” ni mo ń pè é jálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá náà ni. Ẹ̀yìn káńtà fámásì ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kó yé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn náà: ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, apòògùn ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àpò kan tó máa gba gbogbo oògùn ilé.
- Ìwé kékeré àti bírò tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
- Ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń gé hóró oògùn sí méjì. Wọ́n ń tà á ní fámásì. Ọ̀bẹ ìdáná máa ń fọ́ oògùn wẹ́wẹ́ ni, ẹ ò sì ní mọ iye tí Màmá lò.
- Tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́.
- Ẹnì kan tí yóò máa sùn nílé pẹ̀lú rẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi parí.
- Nọ́ńbà fóònù apòògùn kan, àti ti dókítà tó ń wo Màmá.
- Nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọdún Iléyá, kó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró ná. Bí Màmá bá ní wárápá, bí gìrì bá ti mú un rí nígbà tí oògùn náà tán nílé, bó bá ń mu ọtí lójoojúmọ́ (àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ wà lára ọtí o), tàbí bó bá ń lo ju iye tí dókítà kọ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí wọ́n fún ní oògùn yìí nítorí àìsàn mìíràn tó yàtọ̀ sí àìróorun sùn.

Ìpele 1: Ẹ tú gbogbo oògùn sílẹ̀

Ẹ má mú oògùn oorun nìkan dání. Ẹ kó gbogbo rẹ̀: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ara ríro, àgbo inú ike, ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, inú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì, etí ìró. Oògùn méjì péré ló máa ń wà lórí tábìlì, mẹ́sàn-án ló máa ń wà nínú ilé.

Ẹ wá pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́ta.

Ọ̀wọ́ kìíní ni oògùn tó ń kunni lóorun. Diazepam (òun ni Valium), bromazepam (Lexotan), lorazepam (Ativan), nitrazepam àti zolpidem wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Piriton àti Phenergan tí àwọn èèyàn ń lò bí ẹni pé oògùn oorun ni wọ́n. Tylenol PM àti ZzzQuil tí àwọn ọmọ ń kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí diphenhydramine tó wà nínú wọn, ìbátan Piriton ni. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Beers Criteria, tí wọ́n ń tún ṣe látìgbà dégbà. Nínú ti 2023, wọ́n ní kí àgbàlagbà yẹra fún ìdílé Valium, fún zolpidem àti fún ìdílé Piriton yìí. Ìdí rẹ̀ ni ìṣubú, egungun ṣíṣẹ́, àti ọpọlọ tó ń dàrú. Ti Bàbá tún burú sí i: Piriton lè sé ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí próstéètì rẹ̀ ti wú.

Ọ̀wọ́ kejì ni ohun tó ń lé oorun lọ, ibẹ̀ sì ni ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Alábùkún ní káfíìnì nínú, pẹ̀lú aspirin. Panadol Extra náà ní in. Màmá tó bá lo Alábùkún lálẹ́ nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, tó wá fi Lexotan lé e kí oorun lè dé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tì, ó ń fi tòsì fà ni. Ẹ fi obì àti kọfí kún un. Prednisolone àti dexamethasone, àwọn oògùn ara wíwú, máa ń lé oorun bákan náà.

Ọ̀wọ́ kẹta ni oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi Moduretic àti Lasix. Bó bá jẹ́ alẹ́ ló ń lò ó, ìtọ̀ ló ń jí i, kì í ṣe àìsàn oorun.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe:* oògùn tí wọ́n tú kúrò nínú páálí rẹ̀, tí wọ́n dì sínú náílọ̀n láìsí orúkọ. Ẹ má fi àwọ̀ rẹ̀ gba orúkọ fún un. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè na ìka sí oògùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ohun tó wà fún, ẹni tó fún Màmá, àti aago tó ń lò ó? Èyí tí ẹ kò bá lè sọ, ẹ fi rọ́bà so ó lọ́tọ̀. Òun ni apòògùn máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìpele 2: Ẹ wá apòògùn gidi, kan ṣoṣo

Kẹ́míìsì àdúgbò kì í ṣe fámásì. Òfin kò gba kẹ́míìsì láyè láti ta Valium tàbí Lexotan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ ohun tó ń lọ. Nínú fámásì gidi, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Pharmacy Council of Nigeria máa ń wà lára ògiri, orúkọ apòògùn sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, apòògùn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ rí.” Bí ọmọ tó ń tajà bá ní òun náà lè dá yín lóhùn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un béèrè.

Ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù wọlé. Ààrọ̀ ọjọ́ tí èrò kò pọ̀ ló dára, nítorí ìjókòó yìí lè gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí Màmá bá lè rìn, kó bá yín lọ.

Àwọn ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ apòògùn rèé, kò sì gbọdọ̀ bínú sí i:

1. Èwo nínú oògùn wọ̀nyí ló ń lé oorun lọ, èwo la sì lè mú kúrò ní alẹ́ wá sí àárọ̀?
2. Ṣé méjì wà tí kò yẹ kó pàdé ara wọn? Valium àti tramadol ni ẹ kọ́kọ́ bi í. Àwọn méjèèjì lè fa mímí sẹ́yìn títí yóò fi dákẹ́, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, sì fi ìkìlọ̀ wọn tó le jù lọ sí i ní 2016.
3. Ṣé ẹ lè bá wa kọ ètò ìdínkù, kí ẹ sì fi létà ránṣẹ́ sí dókítà?

Ìbéèrè kẹta yìí ni kókó. Apòògùn kò ní àṣẹ láti yí ohun tí dókítà kọ padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n létà rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Quebec, ní Kánádà, wọ́n dán an wò pẹ̀lú fámásì 69, àbọ̀ ìwádìí náà sì jáde ní 2018. Àwọn apòògùn fún àgbàlagbà ní ìwé àlàyé, wọ́n sì kọ̀wé sí dókítà wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 43 nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn oorun ti fi í sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 9 nínú 100 ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, ó ní àkójọ oògùn Màmá, ẹ sì ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa padà.

Ìpele 3: Ẹ bá Màmá sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ètò ló ń fọ́ níbí. Ẹ ò lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó bí yín. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dín in kù ní ìkọ̀kọ̀: bó bá ka hóró oògùn rẹ̀ lóru, tó rí i pé ó ti di ààbọ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kúnlẹ̀. Ẹ bi í léèrè ná: “Màámi, báwo ni orí yín ṣe máa ń rí láàárọ̀? Ṣé òòyì kì í kọ́ yín bí ẹ bá dìde?” Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣàlàyé pé ara àgbà kì í tètè tú oògùn dànù. Bí ẹni 70 ọdún bá lo Valium lálẹ́ òní, ìdajì ipá rẹ̀ ṣì lè wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta òní. Ọ̀la ló sì tún máa fi òmíràn lé e. Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé ẹsẹ̀ kì í dúró dáadáa nílẹ̀ mọ́.

Màmá á ní: “Ọjọ́ wo ni mo ti ń lò ó, kí ló ṣe mí?” Ẹ má jiyàn. Ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ara yín ìgbà yẹn kọ́ ni ti ìsinsìnyí. A ò ní gbà á lọ́wọ́ yín o. Ẹ̀yin lẹ máa máa gé e.”

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Màmá fúnra rẹ̀ ti sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ìpele 4, kí ẹ padà wá bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìpele 4: Ẹ wá ohun tó ń jí i

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má tíì dín nǹkan kan kù. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀: aago tó wọlé sùn, aago tó jí pátápátá, iye ìgbà tó dìde àti ohun tó gbé e dìde, bóyá ó sùn lọ́sàn-án, àti ohun tó jẹ tàbí tó mu lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ wá ṣe ìṣirò. NEPA mú iná lọ, Màmá wọlé sùn ní aago mẹ́jọ. Ó jí ní aago mẹ́ta, ó ní òun ò sùn. Wákàtí méje nìyẹn! Bó bá tún ti sùn lórí àga fún wákàtí kan àbọ̀ lọ́sàn-án, oorun rẹ̀ ti kún rẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ oorun tó ń dé iwájú káńtà wa, ẹjọ́ agogo ni, kì í ṣe ẹjọ́ oògùn.

Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gbé e dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ próstéètì wò bó bá jẹ́ Bàbá. Bó bá jẹ́ orúnkún ló ń ro ó, orúnkún ni kí wọ́n tọ́jú. Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni oorun ti dá, tí kì í jẹun dáadáa, tí nǹkan kan ò sì wù ú mọ́, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ fetí sí ìhanrun rẹ̀ náà. Bó bá ń han, tó dákẹ́ lójijì bí ẹni tí èémí ti tán, tó wá mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ èémí nìyẹn, oògùn oorun sì léwu gan-an fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì pé kí ẹ tó sọ fún dókítà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè parí gbólóhùn yìí: “Ohun tó ń jí Màmá jù ni …” Bí èsì yín bá jẹ́ “ó kàn ń jí ni”, ẹ tún gbé ìwé náà lọ bá apòògùn kó bá yín kà á.

Ìpele 5: Ìdínkù gan-an

Ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2025 ní kí ìdínkù bẹ̀rẹ̀ láti bíi 5 sí 10 nínú 100 iye tó ń lò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó má sì ju 25 nínú 100 lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọdún gbọọrọ, ìwọ̀n kékeré yẹn ló dára fún.

Àpẹẹrẹ kan rèé, fún ẹni tó ń lo diazepam 10 mg lálaalẹ́, pẹ̀lú hóró 5 mg àti hóró 2 mg. Àpẹẹrẹ ni o, ó sì yára: láti 3 mg sísàlẹ̀, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ti ju 25 nínú 100 iye tó ń lò lọ́wọ́ lọ, nítorí náà ẹ bi apòògùn bóyá kí ẹ fà á gùn sí i. Tiyín gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ apòògùn àti dókítà jáde.

- Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: 7.5 mg (hóró 5 mg kan àti ààbọ̀)
- Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: 6 mg (hóró 2 mg mẹ́ta)
- Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: 5 mg
- Ọ̀sẹ̀ 7 àti 8: 4 mg
- Ọ̀sẹ̀ 9 àti 10: 3 mg
- Ọ̀sẹ̀ 11 àti 12: 2 mg
- Ọ̀sẹ̀ 13 àti 14: 1 mg
- Ọ̀sẹ̀ 15 àti 16: 1 mg lálẹ́ òní, kò sí tọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ
- Lẹ́yìn náà, ó tán.

Ẹ bẹ apòògùn kó máa di ti ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún yín, kó kọ ọjọ́ sí i lára. Ká má kó ti oṣù mẹ́rin sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Àbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì méjì yẹn gan-an ló ń mú kí ètò yìí dúró: apòògùn á wojú Màmá, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á ka ìwé oorun, á wá pinnu bóyá kí ẹ sọ̀kalẹ̀ tàbí kí ẹ dúró.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe, ó sì pọ̀ níbí:*

Ẹ má gbé àpẹẹrẹ diazepam lé orí Ativan. Lorazepam máa ń tètè jáde lára, nítorí náà fífo alẹ́ kan lè mú kí ara gbọ̀n ní ọjọ́ kejì. Bromazepam náà ní ìṣirò tirẹ̀.

Ẹ má gé kápúsù, ẹ má sì gé hóró tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó gbé ohun ìgé dání.

Oorun máa burú fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdínkù kọ̀ọ̀kan. Àlá burúkú lè wá, ara lè máa kan gógó, òógùn lè bò ó. Ara ló ń bá ìyípadà náà wọ̀yá ìjà, kì í ṣe àmì pé Màmá kò lè gbé láìsí oògùn. Àwọn ọmọ kì í mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré padà. Bí ẹ bá wà lórí àtẹ̀gùn kan tó le, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i. Ẹ má gun òkè padà àfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú un, bó bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, tàbí bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. Ẹ mú oògùn náà àti ìwé ètò dání.

Àṣìṣe mìíràn ni pípàrọ̀: wọ́n dín Valium kù, wọ́n fi Piriton dí àyè rẹ̀, tàbí àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Ìdínkù kọ́ nìyẹn. Àwọn ará ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa béèrè nípa melatonin, ohun tí ara fúnra rẹ̀ fi ń mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́. Ní Bìrìtéènì, hóró 2 mg tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ wà tí dókítà lè kọ fún ẹni ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọ̀sẹ̀ 13 ó pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà Màmá kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka hóró tó kù. Iye rẹ̀ bá ètò mu? Bó bá dín, Màmá ń fi kún un lóru. Ẹ má bú u, ẹ sọ fún apòògùn.

Ìpele 6: Alẹ́ fúnra rẹ̀

Ní 2016, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, sọ pé ìtọ́jú tó ń tún ìwà àti èrò nípa oorun ṣe ni kó ṣáájú oògùn fún àìróorun sùn tó ti pẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó ṣeé ṣe nílé:

Aago tí Màmá ń jí kó jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Kó jókòó síta kí oòrùn àárọ̀ bà á. Bó bá fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án, kó má ju ìdajì wákàtí lọ, kó sì jẹ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Kó má wọ ibùsùn nítorí pé iná lọ. Kó wọ̀ ọ́ nígbà tí oorun bá ń kùn ún.

Bó bá jí, tí oorun kò padà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kó dìde jókòó sórí àga, lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa máa ń fẹ́ gbàdúrà ní àkókò yìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, kó gbà á ní ìjókòó, ní pẹ̀lẹ́. Àdúrà ogun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí ní aago mẹ́ta òru, oorun kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà ilé ìtọ̀ wá ńkọ́? Ẹ ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé bàtà onírọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àti tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó. Bí ilé ìtọ̀ bá jìnnà tàbí tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé póò sínú yàrá, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú kan kó tó dìde.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fúnra yín rìn láti ibùsùn dé ilé ìtọ̀. Ohun tó bá gbún yín lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e kúrò.

Ìpele 7: Lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn

Ẹ má fi ìyókù pamọ́ “nítorí ọjọ́ mìíràn”. Ẹ má dà á sínú ṣalángá tàbí gọ́tà, ẹ má sì fún ìyálé ilé kejì. Ẹ kó o padà fún apòògùn, kó pa á run bó ṣe yẹ. Ẹ sọ fún kẹ́míìsì ìtòsí pé Màmá kò lò ó mọ́, kí wọ́n má tà á fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni bá rán.

Ẹ tún máa kọ ìwé oorun fún oṣù kan sí i. Bí òfò bá ṣẹ̀ tàbí àìsàn bá dé, tí oorun tún dá, apòògùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí Màmá kò bá sì lè parí rẹ̀, tó dúró sórí 4 mg dípò 10, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ fún ìgbà kan. Ewu 4 kì í ṣe ewu 10, ẹ sì lè tún gbìyànjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.